Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ Tí Kò Ní Orúkọ

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀sán ni, ní Ọjọ́bọ̀ kan. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá ìdánwò kan ní yunifásítì: Madame tó ń kọ́ wa ní físíìsì òde òní, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá a kọ máàkì sílẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀, àti èmi. Fáànù ń yí lókè, kò sì fẹ́ atẹ́gùn kankan. Madame ti nu pátákó mọ́. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ìbéèrè mi.

Bí obìnrin yìí ṣe máa ń ṣe ìdánwò àfẹnuṣe rẹ̀ nìyẹn. Kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ohunkóhun. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò mú ìbéèrè kan wá, ìbéèrè tí kò mọ ìdáhùn sí, Madame yóò sì máa bá a rìn lórí ìbéèrè náà títí yóò fi rí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dúró sí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi bẹ̀rù rẹ̀ ju ìdánwò àfọwọ́kọ lọ. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ nǹkan kan, níbo ni yóò ti rí ohun tí yóò béèrè.

Ìbéèrè tí mo mú lọ kì í ṣe tèmi. Ìyàwó mi ló ni ín. Ìyàwó mi ti kú, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta, a sì sin ín sí Lomé níbí. Ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò mọ̀. Ó rò pé ó ṣì wà. Ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò yẹn gan-an ló pè mí, ó ní kí èmi àti ìyàwó mi jọ máa bọ̀ nílé, òun fẹ́ rí i kí òun tó lọ. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ṣe ìdánwò mi tán ná.

Nítorí náà, nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Madame, kì í ṣe máàkì nìkan ni mo ń rò.

*

Mi ò tíì pé ogún ọdún nígbà tí mo kúrò nílé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọkùnrin kan láti àdúgbò wa ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta páàtì alùpùpù ní Lomé, ó ń wá ẹni tí yóò máa bá òun dúró tì í, bàbá mi sì ní kí n máa lọ. Bè-Kpota, àdúgbò kan ní Lomé, la ń gbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá onílé wa. Ó rò pé nǹkan mi ló bọ́ sílẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a.

Ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ìyẹn ni wi, pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá bá mi sọ̀rọ̀, wi ni mo fi ń dá a lóhùn. Obìnrin tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà wa bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní wi, kò sì fún mi ní nǹkan kan. Ó tún bi mí bóyá ebi ń pa mí, mo ní wi. Ó wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó bu oúnjẹ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní Wi. Kódà nígbà tí mo ti gbọ́ Mina, èdè tí wọ́n ń sọ ní Lomé, dáadáa, tí mo ti lè bá a ná ọjà títí inú yóò fi bí i, Wi náà ló ń pè mí.

Ohun tó dun mí jù nígbà náà ni bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò sí fóònù alágbèéká. Ẹni tó bá ti ilé bọ̀ ló ń mú ìròyìn wá, ó sì lè gbà tó oṣù méjì. Àbúrò mi obìnrin bímọ, ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn kí n tó gbọ́ pé wọ́n bí i. Mo rántí pé mo jókòó sórí àpótí páàtì ní ọjọ́ tí mo gbọ́, mo ń ronú pé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ, mi ò sì mọ̀. Mo ń jẹun, mo ń ta búrẹ́èkì, mo ti di nǹkan, kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ó ṣe mí bákan. Mi ò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Títí mo fi pàdé Morẹ́nikẹ́, tó di ìyàwó mi.

*

Lomé ni wọ́n bí Morẹ́nikẹ́ sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, wọ́n ti wà ní Lomé ṣáájú kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé. Aṣọ ló ń rán. Ó gbọ́ Mina bí onílẹ̀, ó gbọ́ Faransé, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ àbúrò mi fún un, kò sọ pé kí n má ronú púpọ̀. Ó bi mí pé, "Oṣù méjì yẹn tí o ò mọ̀, ṣé o ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà nínú rẹ̀, àbí o ò tíì jẹ́ ẹ?"

Irú ìbéèrè tó máa ń béèrè nìyẹn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń sọ tèmi mọ́ tirẹ̀.

Òun àti Ìyá fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi di àlejò láàárín wọn. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ìyàwó rẹ̀ ni Ìyá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Morẹ́nikẹ́ máa ń kúnlẹ̀ tí ó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé Ìyá kò rí i. Ó ní, "Yóò gbọ́ ọ nínú ohùn mi." Mo rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó jókòó bá Ìyá sọ̀rọ̀, Ìyá sì bi í pé kí ló ṣe é tí ohùn rẹ̀ ga lónìí.

Aago ilé fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Ìyá kò gba ọ̀rọ̀ yìí rí. Tí mo bá ní aago méje la wà, yóò ní àwọn ti wà ní mẹ́jọ tipẹ́tipẹ́, kí ló ń dá wa dúró. Ó ní ọdún tí a ti ń gbé ibẹ̀ yìí, ó yẹ kí a ti bá àwọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá kú, Bọ̀dá Sámúẹ́lì, ẹ̀gbọ́n mi, ni ó pè. Aago méje ni Bàbá dákẹ́, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó fi pè mí. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè dìde. Morẹ́nikẹ́ wo aago ara ògiri. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá mẹ́fà ni. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Níbí, aago méje kò tíì lù. Bàbá ṣì wà láyé." Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n a jókòó bẹ́ẹ̀, a ń sọ̀rọ̀ Bàbá bí ẹni tó wà, bó ṣe máa ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú oòrùn, bó ṣe máa ń bá rédíò jiyàn. Nígbà tí aago lu méje, mo sunkún. Òun náà sunkún.

Mi ò tíì gba ẹ̀bùn tó tó wákàtí kan yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

*

Morẹ́nikẹ́ ló rí pátákó ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan. Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa. Ọ̀gá mi ti kú, mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní ọjà Gbossimé, a ti ń gbé àdúgbò Cacaveli, Akínṣọlá ọmọ wa ti ń kàwé gidi. Ó sú u láti máa rí mi tí mo ń gbọ́ ètò sáyẹ́ǹsì lórí rédíò tí mo ń mi orí. Ó ní, "Lọ bi wọ́n ní ohun tí ò ń mi orí sí."

Mo lọ. Mo jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò tó mi lọ́jọ́ orí. Mo gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́, Morẹ́nikẹ́ se oúnjẹ fún gbogbo ilé. Físíìsì ni mo fẹ́ràn. Tí iná bá lọ, a máa ń jókòó síwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, yóò ní kí n kọ́ òun ní ohun tí mo kọ́. Ìgbà tí mo bá ń ṣàlàyé ni mo máa ń mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ó bi mí pé tí gbogbo ayé bá ń fẹ̀ sí i, inú kí ló ń fẹ̀ wọ̀. Ó bi mí pé tí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ìgbì, tó tún jẹ́ hóró, èwo ló jẹ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó. Mi ò rí ìdáhùn kankan fún un. Ó ní kò burú, kí n máa kó wọn jọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn ti fẹ́ wọ̀, mo sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní tí oòrùn bá kú lójijì, ìṣẹ́jú mẹ́jọ yóò kọjá kí a tó mọ̀. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gán etí aṣọ kan.

Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, kí ni wọ́n ń pè é? Ṣé oòrùn wà nínú rẹ̀ ni, àbí kò sí?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ó yẹ kó ní orúkọ."

*

Àìsàn tó pa á kò pẹ́. Mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Àwọn ará ilé wá sin ín. Wọ́n sọ fún Ìyá pé ìgbéyàwó ọmọ ẹnì kan ni àwọn ń lọ ní Lomé. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bọ̀dá Sámúẹ́lì kó wa jọ sínú yàrá, ó ní ara Ìyá kò le, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fà á, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kó gbọ́. Gbogbo wa gbà. Bí a ti máa ń ṣe fún àwọn àgbà nílé wa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti bá ọ̀nà tiwọn lọ láìgbọ́ pé ọmọ wọn ti ṣáájú, àwọn ará ilé á sì ní àánú ni. Èmi náà rò pé àánú ni. Mo rò pé wákàtí kan tí Morẹ́nikẹ́ fún mi nígbà tí Bàbá kú, irú rẹ̀ ni mo ń fún Ìyá.

Ṣùgbọ́n aago wà tí yóò lù láti fi òpin sí wákàtí tèmi. Ti Ìyá kò ní aago.

Ó ń béèrè ìyàwó rẹ̀. Mo ní ó lọ sọ́jà. Mo ní ọ̀fun ń dùn ún. Mo ní ó ti sùn. Ìyá ní ọ̀fun wo ni kì í jinná yìí, ṣé kò sí dókítà ní Lomé ni. Ó rán èlùbọ́ sí i, ó rán ẹ̀gúsí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó. Akínṣọlá àti èmi jẹ èlùbọ́ náà, a kò wo ojú ara wa. Ní gbogbo àdúrà, Ìyá ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí gígùn rẹ̀, èmi sì ń ṣe àmín.

Mi ò lè lọ sílé mọ́. Báwo ni mo ṣe máa yọ sẹ́nu ọ̀nà ní èmi nìkan? Kérésìmesì dé, mo ní ìdánwò ni. Ọdún Àjíǹde dé, mo ní ìdánwò ni. Nígbà kan, òótọ́ ni. Mo ṣe bac, ìyẹn ìdánwò àṣejáde girama wọn, mo yege, mo wọ yunifásítì ní ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Akínṣọlá ló ń dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ojoojúmọ́ ni ilé ń wù mí. Òórùn ilẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ ń wù mí. Ó wù mí kí n jókòó sórí pèpéle wa, kí ẹni tó ń kọjá kí mi ní orúkọ bàbá mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lomé, owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí n lè lọ sílé. Nísinsìnyí, obìnrin arúgbó kan tó fẹ́ràn mi ni kò jẹ́ kí n lè lọ.

*

Ní yunifásítì, wọ́n ń pè mí ní Papa Frontière, ìyẹn Bàbá Ibodè. Èmi ni mo fà á.

Madame ń kọ́ wa nípa àbá kan tó sọ pé kò sí "nísinsìnyí" kan tó kárí gbogbo ayé. Ó ní ẹni tó dúró àti ẹni tó ń sáré gidigidi kò ní fẹnu kò lórí pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi dùn. Mi ò tíì dáhùn nínú kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà mo nawọ́. Mo ní ó yé mi, mo mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Mo ní tí ènìyàn bá dé ibodè Benin, yóò kúrò ní aago mẹ́wàá, yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò bọ́ sí mọ́kànlá, nítorí náà "nísinsìnyí" ti Lomé àti ti ilé wa kì í ṣe ọ̀kan náà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kodjo, ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi orí lé tábìlì. Madame kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá, Monsieur. Ìjọba ló ṣètò ìyẹn. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè jọ wà nínú 'nísinsìnyí' kan náà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ló yàtọ̀."

Mo jókòó. Kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí obìnrin náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó gba wákàtí kan yẹn. Bàbá ti kú nígbà tí a jókòó tí à ń sọ ọ̀rọ̀ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Kodjo máa ń bi mí láràárọ̀ pé ìwé ìrìnnà mi dà. Ọmọ dáadáa ni. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń wá ìbéèrè fún ìdánwò, ó ní kí n bi Madame bóyá ìmọ́lẹ̀ ń san owó fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè Morẹ́nikẹ́ ni mo mú.

*

Mo sọ ọ́ fún Madame nínú yàrá ìdánwò náà ní Faransé, bí mo ṣe kọ́ ọ sórí. Mo ní tí oòrùn bá kú nísinsìnyí, nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí a kò tíì mọ̀, ṣé oòrùn wà ni, àbí kò sí?

Madame ní, "Ẹ ní nísinsìnyí. Nísinsìnyí ta ni?"

Mo mọ̀ pé mo ti ṣì í sọ. Mo ní tiwa tí a dúró sórí ilẹ̀. Ó ní kí n yà á. Mo fa ìlà kan lóòró fún wa, mo fa òmíràn fún oòrùn, mo fa ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oòrùn ti kú wá sí ọ̀dọ̀ wa, èyí ni ìmọ́lẹ̀. Ó ní kí n mú ẹnì kan tó ń sáré kọjá lọ́dọ̀ wa lọ síhà oòrùn, kí n sì mú ẹlòmíràn tó ń sá kúrò níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà. Kí ni ẹni kìíní yóò sọ? Mo fa ìlà wọn. Mo ní ẹni tó ń lọ síhà oòrùn yóò sọ pé oòrùn ti kú. Ẹni tó ń sá kúrò yóò sọ pé kò tíì kú.

"Ta ló purọ́ nínú wọn?"

Mo ní, "Kò sí, Madame."

"Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́jọ bá pé ńkọ́?"

Mo wo pátákó náà dáadáa. Mo ní nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, gbogbo wọn yóò gbà pé ó ti kú, ẹni tó ń sáré àti ẹni tó dúró. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sáré tó tí yóò yí ìyẹn padà.

Ó mi orí. Ó ní mo ti dá ara mi lóhùn. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn gan-an ni ibi tí ìbéèrè náà kò ti ní ìdáhùn kan ṣoṣo, kì í ṣe nítorí pé a kò mọ̀, bí ayé ṣe rí ni. Inú mi dùn fún Morẹ́nikẹ́. Òun náà ti mọ̀ pé nǹkan kan ń bẹ níbẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn fún ní orúkọ.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Madame ti ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ máàkì. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, láti Lomé dé Nàìjíríà ńkọ́?

Ó ní, "Kí ló wà láti Lomé dé Nàìjíríà?"

Mo ní, "Ìròyìn kan."

Ó wò mí. Mi ò mọ ohun tó rí. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ní igun pátákó, ó ní kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń pajú, ó kéré sí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ ìṣirò náà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Monsieur ló máa ń pè mí. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí ní Papa.

Ó ní, "Papa, gbogbo ohun tí físíìsì lè fún yín nìyí. Tí ó bá ti kọjá èyí, nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò tíì gbọ́ kò sí nínú ayé mìíràn. Wọn ò tíì sọ fún un ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Madame. Ó fún mi ní mẹ́rìnlá nínú ogún. Ó ní òun yọ máàkì kan nítorí pé mo sọ "nísinsìnyí" tí kò ní ẹni tó ni ín. Kodjo ń dúró de ìdánwò tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀rù títí ètè rẹ̀ fi gbẹ. Ó ní Papa Frontière, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá. Mo ní wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Mo fún un ní omi mu.

*

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pe Bọ̀dá Sámúẹ́lì. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ fún Ìyá. Ó bínú. Ó ní ṣé mo fẹ́ pa Ìyá ni, ṣé ìwé tí mo ń kà lágbà yìí ló ń kó bá mi. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá kò tíì lọ sílẹ̀. Mo ní mo mọ̀. Ó ní a ti jọ fẹnu kò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a jọ fẹnu kò.

Lẹ́yìn náà, mo ní, "Bọ̀dá, ọdún mẹ́ta ni Ìyá ti ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń ṣe é fún, ṣé ẹ ó fẹ́ ẹ?"

Nígbà tó yá, ó béèrè pé ta ni yóò sọ ọ́. Mo ní èmi ni. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ lórí fóònù. Mo ní mi ò ní sọ ọ́ lórí fóònù láé. Ó ní ó dáa, òun yóò pe nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò kó wà nítòsí, òun náà yóò sì wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Mo rò pé ó ti rẹ òun náà.

Mo wá pe Ìyá. Ó ti jẹun tán, àwọn ọmọọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣeré nítòsí rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo yege. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó bi mí pé kí ni wọ́n bi mí. Mo ní èmi ni mo bi wọ́n. Ó ní ìdánwò wo nìyẹn, ṣé mo ti di olùkọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mò ń bọ̀ nílé.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì?"

Irọ́ tó yẹ kí n pa ti wà létè mi. Ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Mi ò pa á. Mo ní, "Ìyá, tí mo bá dé, a ó jókòó, a ó sọ̀rọ̀."

Àwọn ọmọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jáde síta. Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun.

Ó ní, "Máa bọ̀. Má ṣe jẹ́ kó pẹ́."

Kò gbàdúrà fún ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Èmi nìkan ló gbàdúrà fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun kan tí Morẹ́nikẹ́ rán, mo kó ẹrù díẹ̀ sínú báàgì. Akínṣọlá gbé mi lọ sí ibi tí mọ́tò Nàìjíríà ti ń gbéra. Ọkùnrin tó ń ka èrò béèrè ní èdè Mina pé ènìyàn mélòó. Nígbà gbogbo tí a bá ń lọ sílé, Morẹ́nikẹ́ ló máa ń dá irú wọn lóhùn, èmi yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Mo sọ fún un pé ẹnì kan ni. Kò gbọ́, ariwo pọ̀. Mo tún un sọ sókè, pé ẹnì kan ni, èmi nìkan. Ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí mo máa jókòó sí, mo sì wọlé.